Afárá Tí Kì Í Gba Ju Ẹni Mẹ́jọ Lọ

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní Edinburgh, tó sì sọ̀ kalẹ̀ ní Tweedbank níbi tí ojú irin náà pin sí, ìrìn díẹ̀ ló kù tí yóò fi dé Melrose, ìlú kékeré ilẹ̀ Scotland tí wọ́n ní a sin ọkàn Robert the Bruce ọba sí nínú àwókù ilé ìsìn àtijọ́ kan. Ọkàn ọba ni ọ̀pọ̀ àlejò ń bá lọ. Afárá ni èmi bá lọ.

Ní 1826 ni wọ́n ṣí i fún ẹlẹ́sẹ̀, kí ará Melrose lè sọdá odò Tweed lọ sí abúlé Gattonside. Ẹ̀wọ̀n irin ló gbé ojú ọ̀nà rẹ̀ rọ̀ láàárín òpó òkúta méjì, bí ọ̀já ti í gbé ọmọ. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó: ní Dryburgh, tí kò jìnnà síbẹ̀, irú afárá bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ṣe ní 1817 ti já sínú Tweed kan náà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1818, nígbà tí ìjì fọwọ́ bà á. Nítorí náà, àwọn ará ibẹ̀ kò fi tiwọn ṣeré. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ẹni mẹ́jọ péré ni òfin gbà lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá sì mọ̀ọ́mọ̀ mì ín, pọ́n-ùn méjì ni ìtanràn rẹ̀ nígbà náà, tàbí ẹ̀wọ̀n. (Pọ́n-ùn méjì, tí kò tó ife kọfí kan mọ́!)

Wọ́n ti fún un lágbára kún lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n lójú tèmi, òfin kékeré yìí ló gbé e dé bí igba ọdún, nítorí ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, afárá onípákó tí a ń gbà lọ sóko nígbà èwe mi, ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, a lùlù, a jó, a pa màlúù. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó padà lọ wo ìṣó kan lára rẹ̀, títí pákó fi jìn mọ́ aláàárù ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ kan lẹ́sẹ̀. Òjò ni a bú.

Bí mo ti gbẹ́sẹ̀ lé ti Melrose, ó mì tìtì. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra,” ni àbúrò mi obìnrin wí. Mo ka orí wa: a pé mẹ́jọ. Ìyá arúgbó kan tó fa ajá lọ́wọ́ dúró létí afárá, kò sí ọlọ́pàá, kò sí aṣọ́bodè, ó kàn dúró. Ìgbà tí a bọ́ sílẹ̀ ní Gattonside ni mo wẹ̀yìn, tí mo rí i tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé ẹsẹ̀ kan sórí rẹ̀.