Bí Ajá Bá Bu Ọmọ Jẹ

Ẹ̀yin òbí, ní tèmi, ẹni tí kò bá fún ajá rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́dọọdún kò yẹ ní ẹni tí ń sin ajá. Bí ajá bá sì bu ọmọ jẹ, irun rẹ̀ ni àwọn mìíràn ń wá láti fi sójú ọgbẹ́! Ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn ni kí ẹ fi wẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 15. Ní 1885, Louis Pasteur fún ọmọdékùnrin kan tí ajá dìgbòlugi bù jẹ ní abẹ́rẹ́, ọmọ náà sì yè. Ṣùgbọ́n bí àrùn náà bá ti farahàn, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Nítorí náà, ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, bí ọgbẹ́ náà tilẹ̀ kéré.