Òjé Nínú Ẹ̀jẹ̀ Àwọn Ọmọ Ògijo

Ní ọdún 2020, àjọ elétò ìdìbò, INEC, fagi lé orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú 74, Green Party of Nigeria sì wà lára wọn. Láti ìgbà náà, n kò tíì rí ẹgbẹ́ tó fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́ ṣáájú, bẹ́ẹ̀ irú rẹ̀ gan-an ni ìlú Ògijo ní ìpínlẹ̀ Ògùn ń fẹ́. Níbẹ̀ ni àwọn iléeṣẹ́ ti ń yọ́ bátìrì ọkọ̀ tó ti kú, tí wọ́n ń kó òjé inú rẹ̀ lọ sókè òkun. Èéfín rẹ̀ ń bà sórí òrùlé, sórí ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ti ń ṣeré. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìwé ìròyìn New York Times àti iléeṣẹ́ ìròyìn The Examination gbé e jáde pé wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn 70 wò níbẹ̀, òjé tó lè ṣeni léṣe sì wà lára méje nínú mẹ́wàá. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, oògùn kò sì lè dá èyí tó ti bàjẹ́ padà. Ìjọba tó ń kọ́ yàrá ìkàwé, tó sì jẹ́ kí èéfín wọlé tọ ọmọ tó jókòó níbẹ̀, ẹ̀kọ́ wo ló ń kọ́ ọ? Àwọn kan á ní iṣẹ́ ni àwọn iléeṣẹ́ náà ń pèsè. Ta ló ń fa èéfín náà símú lójoojúmọ́ bí kò ṣe òṣìṣẹ́ ọ̀hún? Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo ọmọ Ògijo wò lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ kó erùpẹ̀ olóró kúrò, kí àwọn tó jèrè sì san owó rẹ̀.