Ìkọ́kọrẹ́ tá a sè ní Peckham lọ́jọ́ ìsìnkú Abigi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó bá ní oúnjẹ lásán ni ìkọ́kọrẹ́, kó wá jókòó tì mí.

Oṣù keje ọdún 2023 ni, mo wà ní London. Obìnrin kan tá a jọ dàgbà, àbúrò ni mò ń pè é, ìyá rẹ̀ kú ní Abigi, ní Ogun Waterside. Kò lè wá sílé. Ìwé ìgbélùú tó kọ sí ìjọba ṣì wà lọ́dọ̀ wọn, téèyàn bá sì jáde nílùú ọba nírú àkókò yẹn, wọ́n á kà á sí pé ó ti fà á sẹ́yìn. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń wá pépà yìí o! Ó ní, "Àǹtí mi, mi ò lè dé ibi sàréè, àmọ́ ẹni tó bá wá kí mi ní Sátidé, ìkọ́kọrẹ́ Màámi ló máa jẹ." Ogójì èèyàn ló ń retí.

Ewùrà la fi ń sè é, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣu Gánà ló kún Rye Lane, iyẹn gbẹ jù, kò ní dì bó ṣe yẹ. A dé ọjà Ridley Road ní Dalston, iṣu pupa àwọn ará Jàmáíkà ni wọ́n kọ́kọ́ nà sí wa. Ṣọ́ọ̀bù kẹrin la ti rí ewùrà, iye tí wọ́n pè é, ẹ má jẹ̀ẹ́ n sọ.

Tó bá jẹ́ Abigi ni, àwọn ìyàwó ilé á tò jókòó, wọ́n á máa rin ewùrà, wọ́n á máa bú ara wọn ṣeré. Kíṣìnnì Peckham ò gbà ju èèyàn méjì lọ. Ọmọ rẹ̀ ní ká lọ̀ ọ́ ní blẹ́ńdà. Mo ní ká má rí i! Omi tí blẹ́ńdà máa gbà kó tó lọ̀ ọ́ ló ń sọ ìkọ́kọrẹ́ di ẹ̀kọ. Ọwọ́ la fi rin ín, ó ń yún wa, à ń fi epo pupa para.

Ọbẹ̀ ti hó, panla, ede àti pọ̀nmọ́ ti wọlé, a wá ń bu ewùrà sí i díẹ̀díẹ̀. Wọn kì í tètè rò ó, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dì. Ìgbà yẹn gan-an ni fóònù dún. Lásìkò ooru, aago tiwa àti tiwọn ò yàtọ̀. Wọ́n ti ń gbé pósí jáde.

Ó gbé fóònù ti agolo iyọ̀, ó ń wò ó, ó ń ro ìkòkò. Nígbà tí wọ́n ń da yẹ̀pẹ̀, mo na ọwọ́ kí n gba ọmọrogùn. Kò fún mi.

"Ẹ fi sílẹ̀, Àǹtí mi, ó máa jóná."

Àwọn èèyàn dé, wọ́n jẹun. Bàbá kan, ará Ìjẹ̀bú-Igbó, tọ́ ọ wò, ó ní iyọ̀ ò tó. Àfi bí àbúrò mi ṣe bú sẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ìròyìn ti dé.

Ó ní, "Bàbá, iyọ̀ Màámi ò tó rí."