Gbogbo Ojú Ìwé Ló Yẹ Kó Ní Orí

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa àwọn èsì ìdánwò tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri káàkiri. Ojú ìwé kìíní máa ń dáa: kíláàsì wà lókè, "Tẹ́ẹ̀sì", "Ìdánwò" àti "Àròpọ̀" wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ìkejì. Orúkọ àti nọ́ńbà lásán! Ṣé máàkì tẹ́ẹ̀sì ni 28 yẹn ni àbí ti ìdánwò? Bí pépà náà bá já bọ́, ta ló máa mọ̀ pé SS2 ló ni ín?

Adébáyọ̀ àti Àjàyí ò níṣòro, òkè ni wọ́n máa ń wà. Àwọn Oyèníyì àti Yusuf tó wà nísàlẹ̀ ló ń jìyà rẹ̀. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí orúkọ ẹni bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Y ni?

Lójú tèmi, kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ẹ̀rọ mọ ibi tí pépà parí sí. Kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí. Ẹni tó kọ próògíráàmù ló yẹ kó sọ fún un. Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì ṣe tuntun. Lórí pépà oní-ínǹṣì 11 ayé ijọ́un, ìlà 6 ló ń wọ ínǹṣì kan, ìyẹn ìlà 66 lójú ìwé kan. Próògíráàmù á máa ka ìlà. Tó bá kù díẹ̀ kó kún, á bọ́ sí pépà tuntun, á tún orí ìwé tẹ̀, á wá máa bá orúkọ lọ.

Nínú BASIC tá à ń kọ́ ní Computer Studies, ìlà mẹ́ta péré ni:

IF L = 50 THEN LPRINT CHR$(12): GOSUB 500: L = 0
LPRINT N$, T, E
L = L + 1

L ló ń ka orúkọ. CHR$(12) ló ń sọ fún ẹ̀rọ pé kó bọ́ sí ojú ìwé tuntun. Ìlà 500 la kọ orí ìwé sí. A ó kọ́kọ́ lò ó kí orúkọ àkọ́kọ́ tó jáde. Ẹni tó ń lo Excel ò tiẹ̀ nílò èyí: kó lọ sí Page Layout, kó tẹ Print Titles, kó mú àwọn ìlà tó fẹ́ kó máa wà lókè. Ó parí.

Àwọn kan á ní ó ń jẹ pépà. Rárá o. Bí orúkọ 150 bá gba pépà mẹ́ta, orí onílà mẹ́ta tá a fi kún ìkejì àti ìkẹta ò ju ìlà 6 lọ.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ ilé ìwé nìkan ni. Ní Èjìgbò níbí, ta ni kò ní ẹbí ní Abidjan? Ọkọ̀ á gba Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà kọjá kó tó débẹ̀. Bí ìwé orúkọ èrò bá jẹ́ ojú ìwé méjì, tí ìkejì ò sọ ọkọ̀ tó ni ín àti ọjọ́ tó gbéra, kí ni ìyá arúgbó tí orúkọ ẹ̀ wà níbẹ̀ máa sọ fún aṣọ́bodè? Ẹ wo EC8A, ìwé èsì ìbò tí INEC ń lò: ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀, wọ́ọ̀dù àti ibùdó ìdìbò ló wà lókè rẹ̀. Láìsí wọn, nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ ò ní olówó.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ò pọ̀. Kí èsì táàmù yìí tó jáde, kí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ní nǹkan mẹ́ta: kíláàsì àti táàmù, ohun tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan dúró fún, àti "Ojú ìwé 2 nínú 3", ká lè mọ̀ bí ọ̀kan bá sọnù. Kí ẹnikẹ́ni má sì gé ọmọ kan sí méjì, kí orúkọ ẹ̀ wà nísàlẹ̀ pépà kan, kí máàkì ẹ̀ wà lókè òmíràn.

Àwa tá à ń kọ́ kọ̀ǹpútà lónìí la máa tẹ ìwé ilé ìwòsàn, ti báńkì àti ti ìjọba lọ́la. Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde.