Kọ̀ǹpútà Tó Ń Pa Ara Rẹ̀ Tó Ń Tan Ara Rẹ̀

Bí kọ̀ǹpútà tí ẹ fọwọ́ ara yín tò nílé bá ń kú lójijì tó sì ń jí padà, a rọ̀ yín, ẹ má tíì sáré lọ ra ẹ̀yà tuntun. Iṣẹ́ àwọn ọmọ àti àkọsílẹ̀ ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ dà kọ síbòmíràn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pa ètò tó ń mú Windows tún ara rẹ̀ tàn nígbà tó bá kọsẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ àṣìṣe bá yọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Nọ́ńbà 41 nínú Event Viewer kò dárúkọ ọ̀daràn o. Ohun tó ń sọ ni pé a kò pa ẹ̀rọ náà bó ti yẹ.

Bó bá jẹ́ ìgbà iṣẹ́ líle ló ń kú, ẹ fura sí ooru tàbí power supply. Ẹ gbọn eruku, ẹ wo fáànù, ẹ ki wáyà wọlé dáadáa. Iná ilé tó ń lọ sókè sódò náà lè fà á. Ẹ fi MemTest86 yẹ RAM wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má ṣe tú power supply: iná ṣì ń wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá yọ wáyà. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ lè mọ èyí tó jẹ̀bi. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi.