Ọmọ Tí A Kò Kọ́ àti Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ilé-Ifẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Bóyá ni ìlú kan wà tí òwe yìí bá mu bí Ilé-Ifẹ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ìjọba ṣí ní ọdún 1954 wà ní Ẹnuwà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin Ọọ̀ni. Òmíràn wà nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, níbi tí àwọn onímọ̀ kó oríṣiríṣi kòkòrò, ẹranko, ewéko àti òkúta jọ sí fún ẹ̀kọ́. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí sí ìlú náà ni yóò dàgbà, tí yóò di olórí ilé, láìfi ẹsẹ̀ kan ọ̀kankan nínú méjèèjì. Àìmọ̀ yìí kì í ṣe ohun kékeré, nítorí ẹni tó mọ iyì nǹkan ni í ṣọ́ ọ.

Ìtàn Ifẹ̀ fi èyí hàn kedere. Ní 1910, Leo Frobenius ará Jámánì wá sí ìlú náà, ó sì kó àwọn ohun àtijọ́ jọ láti gbé lọ. Ìjọba amúnisìn gba díẹ̀ padà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì gbé púpọ̀ dé Jámánì. Ní 1938, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, wọ́n bá àwọn orí tí wọ́n fi idẹ rọ pàdé nínú ilẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ṣì wà ní London títí di òní. Méjì dé Amẹ́ríkà kí wọ́n tó dá wọn padà. Èyí tó tún dunni jù ni pé láàárín 1993 sí 1994, àwọn olè fọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ifẹ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n sì kó orí amọ̀ sísun lọ. Ògiri àti kọ́kọ́rọ́ nìkan kò lè dáàbò bo irú ọrọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ìlú tó mọ̀ pé tòun ni ni odi tó nípọn jù lọ.

Àwọn ìlú mìíràn ti ta ọgbọ́n sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní Brooklyn, ní ìlú New York, ni wọ́n ti ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ọmọdé ní 1899. Ti Boston tẹ̀lé e ní 1913. Àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí Michael Spock di olùdarí níbẹ̀ ní 1962, ó mú nǹkan kúrò nínú àpótí onígíláàsì kí ọmọdé lè fọwọ́ kàn án, kí ó tú u wò. Wọ́n tún ń di ohun èlò ẹ̀kọ́ sínú àpótí, wọ́n ń yá àwọn ilé-ẹ̀kọ́. Láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí, Jọ́dánì ṣí tirẹ̀ ní Amman ní 2007, ó sì ní ọkọ̀ tó ń gbé ẹ̀kọ́ náà lọ bá àwọn ọmọ tí ọ̀nà wọn jìn. Ohun kan pa gbogbo wọn pọ̀: ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kò dá a ṣe. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèrèǹgbè. Olùtọ́jú ohun àtijọ́ mọ ìtàn nǹkan, ṣùgbọ́n olùkọ́, aáfà ilé-kéwú àti alágbàtọ́ ọmọ òrukàn ni wọ́n mọ ọmọ.

Ìbẹ̀wò ọjọ́ kan ni ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Nàìjíríà. Àwọn ọmọ yóò tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọn yóò gbọ́ pé kí wọ́n má fọwọ́ kan nǹkan, wọn yóò mu ohun mímu, wọn yóò sì padà sílé. Bí ọdún bá yípo, ó di ìgbà mìíràn. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò rówó ọkọ̀ kò ní bá wọn lọ. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, ọmọ tó ń kiri ọjà àti ọmọ tí ojú rẹ̀ kò ríran kò sí nínú ìṣirò rárá. Ìbẹ̀wò kọ́ ni àjọṣe. Àjọṣe ni kí ẹgbẹ́ kan àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé jókòó, kí wọ́n kọ àdéhùn sílẹ̀: ọjọ́ wo lóṣù, àwọn ọmọ wo, ẹ̀kọ́ kí ni, ta ni yóò san owó ọkọ̀, ta ni yóò máa ṣọ́ àwọn ọmọ. Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì. Kò gbọdọ̀ sí àgbàlagbà kan, bó ti wù kí orúkọ rẹ̀ tóbi tó, tí yóò dá wà pẹ̀lú ọmọ ẹlòmíràn níkọ̀kọ̀.

Àwọn òbí Mùsùlùmí kan ní ẹ̀rù kan lọ́kàn. Wọ́n ní ilé òrìṣà ni, pé ọmọ tó bá wọ ibẹ̀ yóò kọ́ ẹbọ. Ẹ̀rù náà kì í ṣe ti òmùgọ̀, nítorí kò sí ohun tó wúwo lọ́rùn òbí bí ìgbàgbọ́ ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n wíwò kì í ṣe sísìn. Àwọn Sàábé wọ Íjíbítì ní nǹkan bí ọdún 640, àwọn iṣẹ́ ńláńlá tí àwọn Fáráò fi sílẹ̀ sì dúró níbẹ̀ títí di òní, tí Mùsùlùmí ń kọjá lára wọn láìforíbalẹ̀ fún wọn. Àl-Kùránì pàápàá ń pe ènìyàn láti rìn lórí ilẹ̀, kí ó sì ronú sí ìgbẹ̀yìn àwọn tó ṣáájú. Ojútùú ẹ̀rù náà ni kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé wọn kò ní ní kí ọmọ kankan tẹríba, tàbí kí ó bá wọn ṣe ètùtù, kí aáfà tó mọ nǹkan sì bá àwọn ọmọ lọ láti ṣàlàyé.

Ẹni tó bá kọ̀ láti lọ pàdánù ohun púpọ̀. Ní 2017, Abídèmí Babalọlá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí wọn lórí Igbó Olókun jáde. Ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000 ni wọ́n wú jáde níbẹ̀, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì. Ó hàn gbangba pé àwọn ará Ifẹ̀ ń fúnra wọn ṣe gíláàsì kí ọkọ̀ àwọn Potogí tó dé etíkun wa. Ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì, ẹ̀kọ́ òwò àti ẹ̀kọ́ iyì ara ẹni ni èyí. Ọmọ ilé-kéwú tó bá mọ̀ ọ́n kò ní gbà pé ọ̀lẹ ni àwọn baba ńlá òun.

Èrè mìíràn tún wà níbẹ̀. Láti 1997 títí di 2000 ni ogun Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́ gbẹ̀mí ènìyàn. Ní oṣù Kẹta 2017, ẹ̀jẹ̀ tún ṣàn ní Sábó. Àwọn ọmọdé kọ́ ni wọ́n dá ìjà wọ̀nyí sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n jogún ìkorò rẹ̀. Bí ọmọ Mọdákẹ́kẹ́, ọmọ Ẹnuwà àti ọmọ Hausa láti Sábó bá jọ jókòó lórí ẹní kan lóṣooṣù, tí wọ́n jọ ń mọ ìkòkò tàbí tí wọ́n jọ ń ka ẹsẹ̀ kòkòrò, yóò ṣòro kí ẹnikẹ́ni tó rán wọn níjà lọ́la.

Òfin kò dènà rẹ̀. Nàìjíríà fìdí ìwé àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé múlẹ̀ ní 1991, ó sì ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ní 2003. Eré ṣíṣe àti ìpín nínú àṣà wà lára ẹ̀tọ́ tí àdéhùn náà fún ọmọ. Owó kì í sì í ṣe àwáwí tó tọ́, nítorí àwọn jámọ́ọ̀ tó ń dáwó ra abọ́ àti àga fún wòlímọ̀ lè dá owó ọkọ̀ ọmọ ogún lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Nítorí náà, kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí Ilé-Ifẹ̀ má dúró de ìjọba. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan ẹni méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, tí yóò kọ lẹ́tà sí olùtọ́jú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, tí yóò sì ka orúkọ àwọn ọmọ ilé-kéwú àti ọmọ òrukàn àdúgbò wọn sílẹ̀. Kí wọ́n fi ọmọ mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí ní Yunifásítì gba ti ọgbà wọn ṣe, nítorí ẹnu ọ̀nà wọn ni ó wà. Ọlọ́hun Ọba yóò bi olùṣọ́ kọ̀ọ̀kan léèrè nípa ohun tí ó ṣọ́. Kí Ó fi àwọn tó bá dìde sí iṣẹ́ yìí mọ̀nà. Àmín.