Bí A Bá Ń Gba Aládùúgbò Là, Ta Ni Yóò San Owó Rẹ̀?





Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 2025, àwọn ṣọ́jà kan fẹ́ fi ipá gba ìjọba ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ìjọba wọn ké sí wa, Nàìjíríà sì fi bàálù ogun àti ọmọ ogun ránṣẹ́. Àjọ ECOWAS náà ní kí Gánà, Ivory Coast àti Sierra Leone fi ọmọ ogun kún tiwa. Kò pẹ́ tí ọ̀tẹ̀ náà fi já sí pàbó. Inú mi dùn sí i. Àwa tí a wà ní Ìlaròó àti Ayétòrò mọ̀ pé Bẹ̀nẹ̀ kì í ṣe òkèèrè sí wa. Ìbátan wa ni àwọn ará Kétu. Ààlà tí òyìnbó fà ló pín wa. Bí ilé wọn bá ń jó, ọ̀dọ̀ wa ni wọn yóò sá wá.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ò jẹ́ kí n sùn: ta ni yóò san owó rẹ̀? Kì í ṣe ahun ló ń ṣe mí o. Ohun tí ojú wa rí ní Làìbéríà ló ń bà mí lẹ́rù.

Ní ìparí ọdún 1989 ni Charles Taylor gbé ogun wọ Làìbéríà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1990, ECOWAS pàdé ní Banjul, wọ́n dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun ECOMOG sílẹ̀. Wọ́n ní kí a ṣí àpò pàtàkì kan, kí mílíọ̀nù 50 dọ́là kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀. Ẹnu dùn, ìwé dára, ṣùgbọ́n owó ò wọlé bó ti yẹ. Gánà, Gínì, Gáḿbíà àti Sierra Leone tí àwọn baba wa ń pè ní Sàró bá wa fi ọmọ ogun sílẹ̀. Ọlọ́run yóò san wọ́n lẹ́san. Ṣùgbọ́n a rí nínú ọmọ ẹgbẹ́ tó tún ń ti Taylor lẹ́yìn. Nàìjíríà ló gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ọmọ ogun àti ìnáwó, títí Làìbéríà fi dìbò ní 1997. A tún wọ ti Sàró. Nígbà tí Olóyè Obásanjọ́ dé orí àlééfà ní 1999, ó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé owó tí a ná ti tó bílíọ̀nù 8 dọ́là. Èmi ò tíì rí ìwé ìṣirò rẹ̀ títí dòní.

Kì í ṣe owó nìkan. Ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa lọ sí Monrovia, ẹsẹ̀ kan ló fi padà wálé. Mo bá a lé owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. “Bàbá, ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀” ni wọ́n ń wí. Ní Ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí náà, àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò ní Làìbéríà àti Sàró wà ní Orù Ìjẹ̀bú láti 1990 títí di 2007. Gbígba àlejò fún ọdún 17, ṣé ìnáwó kọ́ nìyẹn?

Àwọn kan á ní Nàìjíríà ló tóbi jù, kó máa gbé e. Kí ẹrù wa pọ̀ ju ti Tógò lọ, ó tọ́. Kí a dá gbogbo rẹ̀ gbé, kò tọ́. Àwọn àgbẹ̀ wa mọ̀ pé àáró yàtọ̀ sí ọ̀wẹ̀. Bí mo bá bẹ ọ̀wẹ̀, ẹ wá bá mi ṣe é, mo se oúnjẹ fún yín, ó parí. Ní ti àáró, ẹ ro oko mi lónìí, mo ro tiyín lọ́la; ẹni tí kò bá yọjú sóko ẹlòmíràn, kó má retí ẹnikẹ́ni. Àáró ló yẹ kí ààbò wa jẹ́. Ọ̀wẹ̀ la sọ ọ́ dà, Nàìjíríà ló sì tún ń gbé oúnjẹ tirẹ̀ lọ!

Bẹ́ẹ̀ òfin wà. Àdéhùn tí ECOWAS fọwọ́ sí ní Lomé ní oṣù Kejìlá 1999 sọ pé ẹni tó kó ọmọ ogun wá lè gbé ìnáwó oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kí àjọ sì dá owó rẹ̀ padà láàárín oṣù mẹ́fà. Inú owó ECOWAS tí wọ́n ń gbà lórí ọjà òkè òkun ló yẹ kó ti wá, ìyẹn 50 kọ́bọ̀ lórí 100 náírà. Àwa ará ẹnubodè mọ̀ pé kọ́sítọ́ọ̀mù kì í gbàgbé láti gbowó. Fífi í ránṣẹ́ ni àwọn ìjọba ń gbàgbé; Nàìjíríà pàápàá ti jẹ gbèsè rẹ̀ rí. Láti oṣù Kìn-ín-ní 2025 tí Mali, Burkina Faso àti Niger ti jáde, èjìká 12 péré ló kù lábẹ́ ẹrù náà.

Ẹ wo àwọn òyìnbó NATO. Ogun Ukraine ká wọn lára, wọ́n jókòó ní The Hague ní oṣù Kẹfà 2025, wọ́n kọ iye tí wọn yóò máa ná lórí ààbò sínú ìwé. Wọ́n ń jà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n gbangba ni wọ́n ti ń jà.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ìjọba ni pé kí a pín ìnáwó kí ṣọ́jà tó gbéra, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá dé. Kí a ka ọmọ ogun àti àlejò tí ìlú gbà mọ́ ìpín olúkúlùkù. Kí wọ́n sọ iye tí ti Bẹ̀nẹ̀ yìí jẹ fún àwọn aṣòfin wa. Kí ẹni tó fara gbọgbẹ́ àti opó ṣọ́jà sì kọ́kọ́ gba tiwọn.

Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Bó bá tilẹ̀ gbé e, ọrùn ni yóò jìyà rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìlaròó.